Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọkọ̀ Ìjàpá Àtijọ́

Kí ẹ tó sanwó fún Volkswagen Beetle, Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, ẹ gbé àga ẹ̀yìn kúrò, kí ẹ wo abẹ́ bátìrì dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ásíìdì ti máa ń jẹ irin títí yóò fi lu. Owó àtúnṣe irin náà àti ọ̀dà kì í ṣe kékeré.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tù ú; nítorí náà, ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, bíi lítà 2.5, ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Bí bẹ́líìtì fáànù bá já, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, tí wọ́n jáde wá fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, inú mi a máa dùn gan-an.