Bí mo ṣe wá awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ sítọ̀ ní Adó-Èkìtì

Ọ̀gá wa ní kí n wá awakọ̀ mẹ́ta, mọ́tọ̀bọ́ì mẹ́ta àti ẹni tí yóò máa mójú tó sítọ̀. Mínírà àti oúnjẹ inú páálí là ń kó láti Adó lọ sí Ìkọ̀lé, Ọ̀mùò, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Nígbà tí iṣẹ́ yìí dé ọwọ́ mi, ọkọ̀ akẹ́rù Canter wà nílẹ̀, ọjà wà nílẹ̀, àwọn oníbàárà ń pè ṣáá, kò sí ẹni tí yóò wa ọkọ̀.

Kí n tó lẹ ìwé kankan mọ́ ògiri, àwọn tó ti fi wá sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè. Ẹni tó ti lọ kò ní ohun tó ń bẹ̀rù mọ́, òótọ́ ni yóò sọ. Àwọn kan ní owó oṣù kéré, ṣùgbọ́n owó ojú ọ̀nà ni gbogbo wọn ń tẹnu mọ́. Awakọ̀ á fi owó ara rẹ̀ ra díísù kún ọkọ̀, á sanwó fún àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lójú pópó, á sanwó táyà tó jò, á wá dúró di ìparí oṣù kí wọ́n tó dá a padà fún un. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo nǹkan tí èèyàn ń rà lọ́nà ló ti gbówó lórí. Ta ló fẹ́ máa yá ilé iṣẹ́ lówó nínú ìyẹn?

Ìdúró ni ẹjọ́ kejì. Wọ́n á dé láàárọ̀, ọ̀sán ni ẹrù á tó pé lórí ọkọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀sán gbéra lọ sí Ọ̀mùò, lẹ́bàá ààlà Kogí, òru ni yóò máa padà bọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé. Bí awakọ̀ bá ní òun kò ní rin ọ̀nà yẹn lálẹ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ bá ọ̀gá: kí owó ojú ọ̀nà wà lọ́wọ́ awakọ̀ kí ó tó ṣíná sí ọkọ̀, kí a sì máa di ẹrù nírọ̀lẹ́ kí ọkọ̀ lè jáde ní ìdájí. Ó ní àwọn olè á kó ọjà lórí ọkọ̀ lóru. Mo ní ká ki ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ ògiri, ká fi ọdẹ kún ọdẹ. Ó rò ó títí, ó gbà.

Ìgbà yẹn ni mo tó lẹ ìwé sí Fájuyì àti Ọjà Bísí. Lẹ́tà dé wìtìwìtì, ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó jáde ní EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti Pólì. Mo kó wọn jọ fún iṣẹ́ sítọ̀, nítorí awakọ̀ gidi kì í kọ lẹ́tà. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo lọ. Mo bi ọ̀kan pé nínú àwọn tó ń gbé Canter wá síbẹ̀, ta ni kì í jó kílọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín: “Àǹtí, ẹni tí ẹ ń wá kì í wá síbí déédéé. Ìyẹn lẹ máa fi dá a mọ̀.” Ó wá fún mi ní nọ́ńbà bàbá kan ní Ìkéré.

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá dé. Èyí tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì ṣeé yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá lọ́dọ̀ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ló ti wá. Ẹni tí tirẹ̀ kàn ti kọjá ọjọ́, mo fún un láyè kó lọ tún un ṣe. Ẹni tó mú ayédèrú wá, mo dá a padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, láti dán wọn wò, a gbé ọkọ̀ tó lẹ́rù gba Arámọkọ àti Ìtawúrẹ lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Bàbá Ìkéré kò tiẹ̀ wọ ọkọ̀ kíákíá. Ó mú igi, ó ń gbá táyà kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i. Ó fa okùn tó di tapólì, ó sì ní kí àwọn ọmọ sọ páálí mínírà tó wà lókè kalẹ̀, kí wọ́n tò ó sísàlẹ̀ níwájú, kí wọ́n to bisikíìtì lé e. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n, ó ti fa jíà sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń di ọkọ̀ mú, ẹsẹ̀ bàbá kàn ń kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà á lẹ́yìn rẹ̀ tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí a fi ń gbóòórùn rẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò lè gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ báyìí, àmọ́ bó bá fẹ́, kó wá ṣe mọ́tọ̀bọ́ì fún bàbá kó sì kọ́ṣẹ́. Ó gbà, inú mi sì dùn sí i gan-an, nítorí ibi tí awakọ̀ ọ̀la ti ń wá nìyẹn.

Ti sítọ̀ rọrùn díẹ̀. Mo kọ páálí 120 sórí wébílì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn, mo to 117 sílẹ̀, mo sì fi àwọn tí ọjọ́ wọn fẹ́ẹ́ kọjá sẹ́yìn pátápátá. Àwọn kan kàn fọwọ́ sí i. Ọmọbìnrin kan kà á, ó tún un kà, ó ní, “Mà, mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ni mo rí o. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àbí ká dúró de awakọ̀?” Ó sì ń fa àwọn ti ẹ̀yìn wá síwájú bó ti ń sọ̀rọ̀. Òun ni mo mú.

Lórí owó, òfin ọdún 2024 fi owó oṣù tó kéré jù sí ₦70,000. Ibẹ̀ ni mọ́tọ̀bọ́ì wa ti bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ sì ga jù ú lọ dáadáa. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ ní ibi tó lè lọ: Àkúrẹ́, Ìbàdàn, Èkó, àní òkè òkun. Nígbà tí awakọ̀ wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, tí ìlà gùn níléepo, ńṣe ni ìjọba wọn kéde físà onígbà díẹ̀ fún 5,000 awakọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè.

Onídùúró ló fẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Fọ́ọ̀mù wa ń béèrè òṣìṣẹ́ ìjọba méjì, èyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ dáadáa kò ní. Mo bẹ ọ̀gá kí a gba alága gáréèjì àti olórí ẹbí, bí a bá ti débi tí wọ́n ń gbé tí a sì fojú rí wọn. Lójú tèmi, olórí ẹbí tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkéré ṣeé dì mú ju òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n lè gbé lọ síbòmíràn lọ.

Gbogbo ààyè ti kún, ó ku awakọ̀ kan ṣoṣo, ti Ọ̀mùò. Ọmọ Ìkọ̀lé ni ẹni tí a mú, ó mọ ọ̀nà yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ parí oṣù níbi tí òun wà kí òun má baà já ọ̀gá òun kulẹ̀. A ní kò burú. Kó tó dé, Bàbá Ìkéré ló ń gbé ọjà Ọ̀mùò ní ọjọ́rú, ó sì ń padà wọ Adó kí ilẹ̀ tó ṣú.