Bí Mo Ṣe Bá Àwọn Òṣìṣẹ́ Ka Àlàyé Marx Lórí Owó Iṣẹ́

Nígbà tí àwọn tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní kí n wá máa la èrò Karl Marx, onímọ̀ ọmọ Jámánì tó kọ̀wé lórí owó àti iṣẹ́, yé wọn lórí WhatsApp, ohun tí mo kọ́kọ́ pinnu ni pé a kò ní fi Das Kapital, ìwé ńlá rẹ̀ tó jáde ní Hamburg lọ́dún 1867, bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà dára, ṣùgbọ́n orí àkọ́kọ́ rẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá. Ọ̀rọ̀ tí Marx bá ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé sọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà ọdún 1865 ni mo mú, nítorí pé àríyànjiyàn gidi ló bí i. Káfíńtà kan tó ń jẹ́ John Weston, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, ló sọ pé kò sí àǹfààní kankan nínú kí òṣìṣẹ́ máa jà fún àfikún owó, nítorí pé bí owó iṣẹ́ bá ti lọ sókè ni ọjà yóò gbówó lórí, tí òṣìṣẹ́ yóò sì padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Marx dá a lóhùn. Èsì náà kò di ìwé títí Marx fi kú lọ́dún 1883. Ọdún 1898 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, láti ọwọ́ Eleanor ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣètò rẹ̀.

Ìbéèrè Weston kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Lọ́dún 2024, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìjọba Nàìjíríà ń fà á lórí owó oṣù tó kéré jù lọ, kí wọ́n tó fẹnu kò sí 70,000 náírà ní oṣù keje, ohun tí à ń gbọ́ nínú ọkọ̀ èrò kò ju pé tí wọ́n bá fi kún owó, ọjà yóò tún wọ́n sí i. Nítorí náà, kí n tó sọ ohun tí Marx sọ rárá, mo ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn wò. Láti ọdún 2019 títí di oṣù keje ọdún 2024 yẹn, 30,000 náírà ni òfin fọwọ́ sí, kò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ni kò mọ ohun tí owó mọ́tò àti owó gààrí dà? Owó iṣẹ́ kọ́ ló ti ọjà sókè. Ọjà ló kọ́kọ́ lọ, owó iṣẹ́ sì ń mí hẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè fi kún un pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà ogun Hitler: gbogbo nǹkan ti wọ́n gógó kí Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó béèrè àfikún owó, tí wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1945 fún ohun tó lé ní oṣù kan.

Ibi tí a pẹ́ sí jù lọ ni ibi tí èrè ti ń wá. Àpẹẹrẹ Marx fúnra rẹ̀ dá lórí òṣìṣẹ́ tó ń ran òwú: wákàtí méjìlá ló fi ń ṣiṣẹ́, ṣílè mẹ́fà ni iṣẹ́ rẹ̀ ń fi kún iye òwú náà, ṣílè mẹ́ta ni wọ́n sì ń san fún un. Mo kà á, kò sẹ́ni tó fèsì. Mo wá bẹ àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà pé kí ó jẹ́ ká lo iṣẹ́ tirẹ̀. Èsì tó kọ́kọ́ fún mi ni pé, "Tíṣà, èmi kì í gba owó ọjọ́ o. Iye àpò tí mo bá dì ni wọ́n ń san." Inú mi dùn sí ìdáhùn yìí ju bó ṣe mọ̀ lọ, nítorí pé Marx ti sọ̀rọ̀ lórí irú owó bẹ́ẹ̀, ó ní owó wákàtí náà ni, aṣọ mìíràn ló kàn wọ̀.

Mo kọ ìṣirò náà sórí ìwé, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé 1,000 àpò jáde láàárín wákàtí méjìlá. Ká sọ pé 350 náírà ni wọ́n ń ta àpò kan lẹ́nu géètì, tí ọ̀rá, dísù, oògùn omi àti gbígbó ẹ̀rọ sì ń gba 270 náírà nínú rẹ̀. Ó ku 80 náírà lórí àpò kan, èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kún un. Bí wọ́n bá ń san 20 náírà fún wọn lórí àpò kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ pé 80,000 náírà ni iṣẹ́ wọn mú wá lóòjọ́, 20,000 náírà sì ni wọ́n pín láàárín ara wọn. Nínú wákàtí méjìlá yẹn, mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe owó ara wọn. Àǹtí náà tún un ṣe lọ́nà tó rọrùn ju tèmi lọ: nínú ogún ọ̀rá tó wà nínú àpò, náírà kan ló kan òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, náírà mẹ́ta sì lọ sí ibòmíràn.

Mo tẹnu mọ́ ọn pé kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ nínú ìṣirò yìí. Ibi tí agbára àlàyé Marx wà gan-an nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ kiri sábà máa ń fò dá. Wọ́n ta omi ní iye tó tọ́ sí i, wọ́n sì san owó òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn. Ohun tí onílé-iṣẹ́ rà ni agbára tí àǹtí yìí ní láti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan, iye rẹ̀ sì ni ohun tí yóò fi jẹun, tí yóò fi san owó ilé, tí yóò fi rán ọmọ lọ sí ilé ìwé, kí ó lè tún wá lọ́la. Ohun tí agbára náà ń mú jáde láti àárọ̀ di alẹ́ pọ̀ ju iye tí wọ́n rà á lọ.

Ẹnì kan nínú wa tó ní búrẹ́dì tó ń ṣe fún títà ta kò ó pé ọ̀gá ló ra ẹ̀rọ, òun ni kì í sùn nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì fẹ́ kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fi hàn án pé owó ẹ̀rọ ti wà nínú 270 náírà, pé bí ọ̀gá bá ń ṣiṣẹ́ alábòójútó, ẹ jẹ́ ká san owó alábòójútó fún un nínú 60,000 tó kù. Ìbéèrè náà ni èyí tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn. Marx ní kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ̀: onílẹ̀ yóò gba owó ilẹ̀, ẹni tó yá a lówó yóò gba èlé, ìyókù ni onílé-iṣẹ́ ń pè ní èrè. Ọ̀gbẹ́ni oníbúrẹ́dì ní báǹkì ló ń jẹ apá tó pọ̀ jù nínú tòun. Kò gbà pẹ̀lú mi tán, ṣùgbọ́n kò kúrò láàárín wa.

Apá kan wà tí n kò gbìyànjú láti fi tipátipá mú wọlé. Télọ̀ tó ń dá ṣiṣẹ́, ìyálọ́jà tó ń ta ata, ọmọ iṣẹ́ tó sanwó láti kọ́ṣẹ́ tó tún ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí tí yóò fi gba òmìnira, ìṣirò owó iṣẹ́ yìí kò bá wọn mu bó ṣe bá ilé iṣẹ́ omi mu. Àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà tó dìde ní ọdún 1968 sí 1969 kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Owó orí àti iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn ló ń dùn wọ́n. Ẹni tó bá ń sọ fún ìyálọ́jà pé òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ agbowó-oṣù ń fi ọgbọ́n Marx tàn án ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà yọjú, bí mo ti retí. Ẹnì kan ní Marx ló pe ẹ̀sìn ní ópíọ̀mù, oògùn olóró tó ń pa ìrora. N kò jiyàn; mo kàn ka ohun tó ṣáájú rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ ọdún 1844 náà, níbi tó ti pe ẹ̀sìn ní ìmí ẹ̀dùn ẹni tí ìnira tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ọkàn ayé tí kò lọ́kàn. Àlùfáà kan tó wà láàárín wa ní òun yóò lọ rò ó, a sì padà sórí owó iṣẹ́.

Ìparí ọ̀rọ̀ ọdún 1865 náà ló dá àríyànjiyàn tó gùn jù sílẹ̀. Marx gbà pé kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa jà fún àfikún owó, nítorí pé ẹni tó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nínú ìjà ojoojúmọ́ kò ní lè ja èyí tó tóbi. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ohun tó ń ti inú ètò náà jáde ni wọ́n ń bá jà, kì í ṣe gbòǹgbò rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ òpin ètò owó iṣẹ́ sára àsíá wọn dípò owó tó tọ́ fún iṣẹ́ tó tọ́. Bàbá rélùwéè ní òun ti rìn nínú ìwọ́de tó pọ̀, òun kò sì rí irú àsíá bẹ́ẹ̀ rí, pé àfikún owó àti owó ìfẹ̀yìntì ni gbogbo rẹ̀. Àǹtí onípíọ̀ wọ́tà ní kí wọ́n ṣáà sọ 20 náírà òun di 30 náírà ná, kí Tíṣà sì bá òun ṣírò iye wákàtí tí ìyẹn yóò dá padà fún àwọn. Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni yóò jẹ́ tiwọn nínú méjìlá.