Bí mo ṣe fi dátà ojú ọjọ́ sọ iye ẹni tí ooru máa dá dùbúlẹ̀ ní Tokyo

Ooru Ìbàdàn ni mo mọ̀, síbẹ̀ Tokyo ni mo mú fún iṣẹ́ yìí, nítorí dátà. Kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ kó máa sọ ọjọ́ tí ooru yóò dá èèyàn dùbúlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí àkọsílẹ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó ti kọjá, kì í ṣe ti ojú ọjọ́ nìkan, ti àwọn aláìsàn pẹ̀lú. Àjọ panápaná ilẹ̀ Jàpáánì máa ń gbé iye ẹni tí áńbúláǹsì gbé nítorí ooru jáde, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti oṣù Èbìbí títí dé Owéwe. Ọ̀fẹ́ ni.

Àjọ ojú ọjọ́ wọn náà kò háwọ́: ìwọ̀n ooru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ àti iye wákàtí tí oòrùn fi ràn, gbogbo rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Fáìlì CSV ni, ìyẹn tábìlì tí wọ́n fi kọ́mà pín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Python, èdè kọ̀ǹpútà, ṣí i, ẹ sọ fún un pé cp932, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà Jàpáánì, ni wọ́n fi kọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wúruwùru lásán lẹ máa rí. Ohun kan tún wà tí fáìlì náà ò ní pariwo rẹ̀: ní oṣù Ọ̀pẹ 2014, wọ́n kó ibi tí wọ́n ti ń wọn ooru Tokyo kúrò ní Otemachi, láàárín àwọn ilé gogoro, lọ sí ọgbà Kitanomaru tí igi pọ̀ sí. Òru ibẹ̀ tutù ju ti Otemachi lọ. Ẹni tó bá da ìwọ̀n méjèèjì pọ̀ máa rò pé ìlú náà ṣàdédé tù ni. Láti 2015 ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ní tèmi.

Ìwọ̀n ooru nìkan kò tó. Àwọn ará Jàpáánì máa ń lo òdiwọ̀n kan tó ń sọ bí ooru ṣe ń ni ara lára tó, tí wọ́n ń pè ní WBGT. Níta gbangba, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ti ara tẹmómítà tí wọ́n fi aṣọ tútù wé lórí wá, 20 ti ara èyí tó wà nínú bọ́ọ̀lù dúdú tó ń gba oòrùn, 10 péré ló jẹ́ ti ooru afẹ́fẹ́ gan-an. Ìyẹn ni pé ọ̀rinrin ló lọ̀gá. Òógùn tí kò gbẹ kò lè mú ara tutù. Ẹni tó ti dúró sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ l'Ékòó lọ́sàn-án kò nílò àlàyé.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù ni pé ara máa ń rántí. Ooru kan náà tó gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ilé ìwòsàn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Agẹmọ kì í gbé tó bẹ́ẹ̀ ní ìparí oṣù Ògún, torí ara ti mọ́ ọn: òógùn ti ń tètè jáde. Mo wá fún kọ̀ǹpútà ní ohun tí dátà ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè sọ fún un: àròpín ooru ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iye ọjọ́ gbígbóná tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àti bí òru àná ṣe tutù tó. Òru yìí ṣe pàtàkì gan-an. Àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún 65 ló máa ń pọ̀ jù nínú àwọn tí áńbúláǹsì ń gbé, inú ilé sì ni ooru ti ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ilé tí kò tutù lóru, ara inú rẹ̀ kò sinmi.

Gradient boosting ni mo lò, ọ̀nà tó ń to ọ̀pọ̀ igi ìpinnu (ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tó ń tẹ̀lé ara wọn) lé ara wọn, kí èyí tó tẹ̀lé máa tún àṣìṣe èyí tó ṣáájú ṣe. Mo sì ní kó máa ka iye èèyàn bí ìlànà Poisson, ìṣirò tí wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ṣe ń kà á. Ẹ má pín ọjọ́ sí méjì, ti ẹ̀kọ́ àti ti ìdánwò, bí ẹni ń da káàdì. Àná àti òní jọra jù. Tí àná bá wà nínú ohun tó kọ́, tí òní sì wà nínú ìdánwò, ó ti rí ìdáhùn nìyẹn. Ọdún ni mo fi pín in. Mo fi 2018 sílẹ̀ fún ìdánwò, ọdún tí Kumagaya, ní ìpínlẹ̀ Saitama tó múlé gbe Tokyo, dé ìwọ̀n Celsius 41.1 lọ́jọ́ 23 oṣù Agẹmọ, tí áńbúláǹsì sì gbé èèyàn tó lé ní 95,000 káàkiri Jàpáánì láàárín oṣù Èbìbí sí Owéwe.

Ibẹ̀ ni igi ìpinnu ti ń fi àléébù rẹ̀ hàn: kò lè sọ iye tó ju èyí tó ti rí rí lọ. Ọjọ́ tó burú jù lọ gan-an, tá a nílò rẹ̀ sí, ló ti máa ń sọ iye tó kéré jù. Mo wá fi ìṣirò Poisson lásán tì í lẹ́yìn, èyí tí iye rẹ̀ lè máa gòkè láìdúró, mo sì ń wo ibi tí àwọn méjèèjì ti yapa. Ọjọ́ tí wọ́n bá yapa gan-an, ti Poisson ni mo máa ń gbọ́, bó tilẹ̀ ń sọ àsọdùn nígbà mìíràn. Kí áńbúláǹsì máa dúró de aláìsàn sàn ju kí aláìsàn máa dúró de áńbúláǹsì.

Gbogbo èyí, ojú ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ ni mo fi dán an wò. Ẹni tó bá máa lò ó ní tòótọ́, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, àṣìṣe ìyẹn á sì gorí àṣìṣe tèmi. Fún ọ̀la, mo lè fọwọ́ sí i. Tó bá di ọjọ́ márùn-ún síwájú, n kò ní fi yan iye ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni.