Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́tà Mẹ́ta Tó Jẹ Owó Mi

₦18,000 ni mo fi tún ìwé tẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta: run. Owó iṣẹ́ tí wọ́n fún mi gan-an, ₦15,000 ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ní Ìkẹ́rẹ́ ló ra ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n fẹ́ máa fi lọ ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn túmọ̀ ìwé ìlò rẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin péré, kí n sì tẹ ọgọ́ta ẹ̀dà. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Àmì ohùn rẹ̀ pé, ẹnikẹ́ni ò lè bá mi jà lórí ìyẹn.

Ibi tí run ti kọ́kọ́ yọjú, ó rọrùn: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní "runs on petrol". Mo kọ "epo bẹntiróòlù ló ń lò", inú mi sì dùn sí ara mi. Ìdùnnú yẹn ló kó bá mi. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ní kí wọ́n "run in" ẹ́ńjìnnì náà fún wákàtí 20 àkọ́kọ́. Mo rí run, mo rí in, mo kọ ọ́ wẹ́rẹ́: "Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nínú ilé fún wákàtí 20."

Ọjọ́ tí mo kó ìwé dé, ìyá àgbà kan kà á, ó wojú mi: "Ọmọ mi, ṣé inú ulé ni ká ti tan án? Kí èéfín pa wá ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì.

Mo padà sí Adó, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń gbé gbólóhùn kan ṣoṣo kiri. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kan ní "sáré wọlé" ni. Òmíràn ní kí n fo ó, ta ló máa mọ̀? Pẹ̀lú ìbínú ni mo ṣí fóònù, mo sì rí i pé àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti ka ìtumọ̀ 645 fún run tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Imú ń ṣomi, run ni. Aró àdìrẹ ń ṣí, run ni. Èèyàn ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù, run náà ni. Ṣé ọ̀rọ̀ tán lọ́wọ́ wọn ni? (Ká má purọ́ ṣá: òyìnbó tó bá mọ "jẹ" mọ́ oúnjẹ nìkan, yóò rò pé àwo iyán là ń bu gbèsè, oyè àti ìyà sí.)

Mẹkáníìkì kan tí kò parí ìwé mẹ́wàá ló yọ mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì tuntun kì í kọ́kọ́ gbẹ́rù. Ẹ rọra lò ó kí irin inú ẹ̀ fi bára mu. Tó bá ti pé ogún wákàtí, ẹ da ọ́ìlì yẹn nù, èérún irin ti wà nínú ẹ̀." Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún!

Bí mo bá tún gba irú iṣẹ́ yìí, ẹni tí ọ̀rá ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ bi, tíṣà lè dúró ná. Owó ìtẹ̀wé, kí wọ́n san án kí n tó mú bírò.

Ọgọ́ta ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn ni ẹlẹ́pà àdúgbò wa fi ń pọ́n ẹ̀pà báyìí. Mo ti ya ewé tí "nínú ilé" wà kúrò kí n tó kó o fún un.