Bí A Ṣe Ń Kọ́ GST 111, Iṣẹ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Ọdún Kìíní ní Yunifásítì

Nínú ìdánwò JAMB, ìbéèrè 60 nínú 180 ni ó jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni a kàn ń mú. Ènìyàn lè gba máàkì tí ó jọjú níbẹ̀ láìkọ gbólóhùn kan ṣoṣo fúnra rẹ̀. Àròkọ tí a sì kọ fún WAEC, ọ̀pọ̀ wa ni ó há a sórí. Bí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Yunifásítì Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́, GST 111 ni yóò pàdé, ìbáà jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó wá kọ́ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀. Yúníìtì 2 péré ni iṣẹ́ yìí nínú ètò ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tí ó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, là sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ títí ìdánwò yóò fi ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì: ìró èdè, ìsọ̀rí ọ̀rọ̀, oríṣiríṣi gbólóhùn, àkàyé, àròkọ, lẹ́tà, ìjábọ̀ àti àkékúrú ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ ni ó máa ń ṣe àìtọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há òfin gírámà sórí láti ojúewé kìíní, bí ẹni pé àṣìṣe gbogbo ènìyàn dọ́gba. Èmi gbà pé kí ẹ kọ́kọ́ mọ àṣìṣe tiyín, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé Yorùbá ni ó fara pamọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ kọ.

Ẹ ra ìwé àjákọ kan, kí ẹ fa ìlà sí àárín ojúewé rẹ̀. Gbogbo ibi tí olùkọ́ bá fi gègé pupa sàmì sí nínú iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ sí apá òsì, kí ẹ kọ àtúnṣe rẹ̀ sí apá ọ̀tún, kí ẹ sì kọ gbólóhùn Yorùbá tí ó bí i sí ìsàlẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ wọ inú ìwé tèmi ni "I heard the smell of the food", tí mo kọ nínú tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní yunifásítì. N kò mọ ìdí tí wọ́n fi fagi lé e títí mo fi kọ "mo gbọ́ òórùn oúnjẹ" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yorùbá máa ń gbọ́ òórùn. Gẹ̀ẹ́sì kì í gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí a kọ́ dáadáa yóò sọ pé "They are calling you" nígbà tí ó jẹ́ pé bàbá kan ṣoṣo ni ó ń pe ọ̀rẹ́ ọmọ náà, nítorí pé "wọ́n" ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọ̀wọ̀ yẹn kò sí nínú arọ́pò-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí tí ó ṣòro jù láti rí ni ti kọ́mà. Ní Yorùbá, kò sí ohun tí ó burú nínú "Mo lọ sí ọjà, mo ra iṣu, mo gbé e wálé." Bí ẹ bá wá kọ "I went to the market, I bought yams, I carried them home", ẹ ti fi kọ́mà lásán so gbólóhùn mẹ́ta tí ó dá dúró pọ̀, máàkì yóò sì lọ níbẹ̀. Ẹ yọ olùwà tí ẹ ń tún pè, kí ẹ fi "and" sí iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ìkẹyìn: "I went to the market, bought yams and carried them home."

Ní ti àròkọ, ẹ má fọwọ́ kan ìpínrọ̀ kìíní kí ìlapa èrò tó wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú kajú tí ó pọ̀ ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ bí àpẹẹrẹ. Ẹni tí kò ṣe ìlapa èrò yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Cashew is very important", kò sì ní rí ohun tí yóò sọ tẹ̀lé e, nítorí pé gbólóhùn náà kò sọ nǹkan kan tí ènìyàn lè jà níyàn. Ẹ fi wé èyí: "Many farmers around Ogbomoso sell their cashew as raw nuts." Gbólóhùn yìí fúnra rẹ̀ ń bi yín ní ìbéèrè: kí ni kò jẹ́ kí wọ́n pa á kí wọ́n tó tà á? Ìdáhùn kan ni òróró inú èèpo rẹ̀, èyí tí ó máa ń bó ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tí ó ti yan kajú rí nígbà èwe ṣe mọ̀. Ìdáhùn yẹn ni gbólóhùn kejì. Ohun tí àgbẹ̀ ń pàdánù níbẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Bí ẹ bá dé orí iye owó, ẹ ṣọ́ra, nítorí pé "The price of raw nuts change" ni ọwọ́ yóò fẹ́ kọ. Iye owó ni olùwà, kì í ṣe kajú. "Changes" ni ó tọ́. Ní Yorùbá, "mo lọ" àti "ó lọ" kò yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà, nítorí náà etí wa kì í ta wá lólobó.

Ní ti ìró, kò sí /v/, /z/ àti ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ "think" nínú Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi gígùn fáwẹ́lì ya "ship" sọ́tọ̀ kúrò lára "sheep". Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ fi wé ti ìwé atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó.

Ohun tí ẹ bá mú nínú ìwé ẹlòmíràn, ẹ dárúkọ ẹni tí ó ni ín àti ọdún tí ó kọ ọ́, kódà bí ẹ bá ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tí ó ní kí ẹ̀rọ kọ àròkọ fún òun kò ní rí nǹkan kan kọ sínú ìwé àjákọ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ iṣẹ́ tán, ẹ jẹ́ kí ó sùn kan ilẹ̀ mọ́. Ẹ wá kà á sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹta: ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, lẹ́yìn náà ẹ wo ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀pọ̀, kí ẹ tó wo kọ́mà àti àmì ìdánudúró. Ẹni tí ó bá wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ yóò fo púpọ̀.

Ẹ má sì ju ìwé àjákọ náà nù lẹ́yìn ìdánwò, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ti ṣe ìdánwò náà, tí ẹ kàn ń mú ìdáhùn bíi ti JAMB. Ìjábọ̀ lábárátọ̀rì ń bọ̀, níbi tí a ó ti fẹ́ kí ẹ kọ "The water was heated", Yorùbá inú yín yóò sì máa sọ pé "a gbé omi kaná", "wọ́n gbé omi kaná". Ẹ ya ojúewé kan sọ́tọ̀ fún ìyẹn láti ìsinsìnyí.