Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ojú láptọ́ọ̀pù, ẹ má ṣe báyìí

Bí ojú láptọ́ọ̀pù bá fọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí tí wọ́n bá dé Queen Cinema tàbí Agbowó ní Ìbàdàn ni pé, "Ẹ bá mi wá ojú 15.6." Ìwọ̀n rẹ̀ ní íńṣì nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Ọ̀kan lè ní etí tí wọ́n ń de ṣúkúrúù mọ́, kí èkejì má ní. Òmíràn sì fi nǹkan bíi mìlímítà 10 dín ní fífẹ̀. Ẹ má sanwó láìjẹ́ pé ẹ tú èyí tó fọ́, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, irú bíi N156BGE-E31. Nọ́ńbà ìdí láptọ́ọ̀pù kò tó: láptọ́ọ̀pù olórúkọ kan náà lè jáde pẹ̀lú ojú oríṣiríṣi.

Ẹnu okùn tó so ojú mọ́ bọ́ọ̀dù ló ń bani lówó jẹ́ jù. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ń lo LVDS, irú okùn àwòrán kan tó sábà máa ń ní píìnì 40 (àwọn irin tín-ín-rín ẹnu rẹ̀). Ti ìsinsìnyí ń lo irú mìíràn, eDP, tó ní píìnì 30 tàbí 40. Ẹ má ṣe wí pé 40 kò ju 40 lọ. Àwọn méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n píìnì tí iná ń gbà yàtọ̀. Bí ẹ bá fi ojú ọ̀kan sí okùn èkejì tí ẹ sì tàn án, fíúùsì lè jó, bọ́ọ̀dù pàápàá lè lọ. eDP 30 ló wọ́pọ̀ fún 1366×768 àti 1920×1080 oní 60 Hz (Hz ni iye ìgbà tí àwòrán ń yí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan). 40 sábà máa ń jẹ́ ti ojú tí à ń fọwọ́ tẹ̀, 4K, tàbí 120 Hz sókè. Ẹni tó ra 144 Hz fún okùn 30 ti ra dígí ìwojú olówó ńlá.

Ẹ má fa okùn náà nígbà tí bátìrì ṣì wà nídìí rẹ̀. Pípa láptọ́ọ̀pù nìkan kò tó: ẹ yọ ṣájà, ẹ já bátìrì, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15.

Ó ku àwọ̀. "Full HD ni" (ìyẹn 1920×1080) kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ojú 6-bit ní ìpele 64 fún pupa, 64 fún àwọ̀ ewé, 64 fún búlúù: àwọ̀ 262,144 péré. 8-bit ní 256 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mílíọ̀nù 16.7. Ẹ fi àwòrán àdìrẹ hàn lórí 6-bit: aró tó yẹ kó máa ṣí díẹ̀díẹ̀ a máa gé bí àtẹ̀gùn. Àwọn ojú 6-bit kan ń fi ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní FRC tan ojú wa jẹ, wọ́n ń pààrọ̀ àwọ̀ méjì kíákíá kí ó lè dà bí ẹ̀kẹta. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kò burú fún lẹ́tà títẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ máa tẹ̀ nínú Settings tó máa sọ 6 di 8. Ẹ má sì da bit pọ̀ mọ́ NTSC, ìwọ̀n bí àwọ̀ tí ojú lè fi hàn ṣe gbòòrò tó: NTSC ni gígùn àkàbà, bit ni iye ìgbésẹ̀ rẹ̀. Ayàwòrán àti ẹni tó ń ṣe káàdì ìnáwó kò gbọdọ̀ ra 45% NTSC. 72% ló súnmọ́ sRGB, òdiwọ̀n àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ àwòrán orí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé.

Kí ẹ tó lẹ ike iwájú padà, ẹ tan funfun, dúdú àti pupa kún ojú tuntun náà lójú ẹni tó tà á, kí ẹ lè rí àbùkù rẹ̀.