Bí Ness ṣe lè padà sórí pèpéle
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Ness, ọ̀kan lára àwọn jagunjagun inú géèmù Super Smash Bros. Ultimate, bó bá já kúrò lórí pèpéle ìjà, ẹ má darí PK Thunder, ìyẹn mànàmáná tó máa ń jù, lọ síbi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ẹ̀yìn Ness ni kẹ́ ẹ gbé e gbà, torí òdìkejì ibi tí mànàmáná náà bá ti kọlù ú ló máa fò sí. Bí pèpéle bá wà lókè lápá ọ̀tún, ìsàlẹ̀ lápá òsì ni kó ti wá. Ẹ ti analog, ọ̀pá kékeré tẹ́ ẹ fi ń darí géèmù, sókè, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì B, kẹ́ ẹ wá yí analog kí mànàmáná fi òbíríkítí kékeré yí Ness ká. Kékeré o! Bó bá tóbi jù, Ness á ti já jìnnà kó tó yí tán. Ẹ má ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pèpéle rárá: bí mànàmáná bá kan ògiri, ó pòórá nìyẹn, Ness á kàn máa já bọ́ lọ ni. Ẹ kọ́kọ́ lo fífò ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀, ó ga dáadáa. Ibi tọ́gbọ́n yìí kù sí ni pé alátakò tó bá gbójú gbóyà lè fara gba mànàmáná náà, kó sì pa á rẹ́. PK Thunder ti Lucas, jagunjagun míì nínú géèmù náà, nìkan ló máa ń gba ara alátakò kọjá.